Ọgọ́ta Aṣọ ‘IDAN’ Tí Kò Tà: Èsì Fún Obìnrin Tó Ń Tẹ Ọ̀rọ̀ Tó Lòde Sára Aṣọ ní Àkúrẹ́

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ sára tíṣáàtì àti fìlà. Àwọn ọmọ yunifásítì FUTA ló kọ́kọ́ ń bá mi rà á, kó tó di pé àwọn onígbèéyàwó àti ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, mo tẹ ‘IDAN’ sára ọgọ́rùn-ún aṣọ dúdú. Ogójì ló tà, ọgọ́ta ṣì wà nínú àpò títí di òní. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọ kan ní kí n tẹ ‘WEREY’ sẹ́yìn aṣọ ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wọn. Bàbá ọlọ́jọ́ìbí rí i, ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gan-an? Èwo ló máa ń pẹ́ lẹ́nu, èwo ni kì í pẹ́? Ṣé ẹnikẹ́ni sì lè mú mi pé òun ló ni ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀?”

Ẹ kú ìfaradà ọjà o, ìyá wa. Ọgọ́ta aṣọ nínú àpò kì í ṣe ohun kékeré, owó tó sùn ni. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ó dà bíi pé ẹ gbà pé ojú ọjà ni kò dára, tàbí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ojú ọjà kọ́. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi, ìdí kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀: ẹ mú ọ̀rọ̀ tó lòde bí ẹni mú owó, ẹ rò pé iye tó jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ná an náà ni yóò jẹ́ lọ́wọ́ yín. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu ẹnì kan jáde ní ọjọ́ kan, ó sì ní ojú tí wọ́n ń wò bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Bí ẹ bá já a kúrò lára gbogbo ìyẹn tí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà aṣọ, ohun tó kù lè má tó ohun tí ènìyàn ń fi owó rà.

Ẹ jẹ́ ká mú ‘wèrè’, tí ẹ tẹ̀ bíi ‘WEREY’, ná, nítorí òun ló kó ìtìjú bá yín. Ẹ rò pé bàbá yẹn kò mọ̀ pé eré ni àwọn ọmọ ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kó mọ̀ ọ́n dáadáa. Láàárín àwọn ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè dán wò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbá a lẹ́yìn, á ní “wèrè ni ọmọ yìí”, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Ohùn tó fi sọ ọ́, ọwọ́ tó fi gbá a lẹ́yìn àti ẹ̀rín tó tẹ̀lé e ló sọ èébú di oríkì. Kí awakọ̀ kan wá yọrí lójú fèrèsé ní ìkóríta Ọjà Ọba kó sọ ọ̀rọ̀ kan náà sí awakọ̀ kejì, ìjà dé nìyẹn. Aṣọ ní tirẹ̀ kò lóhùn, kò lè rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà márùn-ún ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá ń kà á ni yóò fi ohùn tara rẹ̀ sí i. Bàbá ọlọ́jọ́ìbí fi ohùn ilé kà á. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí ẹbí tó fọmọ fọ́kọ, wọ́n á ṣe ìwádìí: ṣé wèrè kò sí nínú ìdílé yẹn, ṣé wárápá kò sí? Ẹni tó wá rí i pé ogún ọmọ wọ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn, tí wọ́n yí ọmọ òun ká nínú àgbàlá òun, níwájú àlejò, kò lè rí eré níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, èsì ìwádìí ni wọ́n tẹ̀ síta fún gbogbo ayé.

Nítorí náà, kí oníbàárà tó kúrò níwájú yín, ẹ bi í pé ta ni yóò wọ aṣọ náà, ibo ni yóò wọ̀ ọ́ dé, àwọn wo ni yóò sì dúró tì í nínú fọ́tò. Ìbéèrè yìí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ fi àwòrán iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kó fèsì pé òun gbà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gba ìdajì owó, ó kéré tán, kí ẹ tó tan heat press, ẹ̀rọ gbígbóná tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí bàbá ẹnikẹ́ni bá dé lẹ́yìn náà, ẹ óò ní ohun tí ẹ lè nawọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí tàbí ìkómọ nínú ilé òbí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tẹ ‘wèrè’ rárá, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ sanwó lé e. Ẹ ní kí wọ́n lo orúkọ ìnagijẹ ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ míì wà tí kì í ṣe èébú rárá, síbẹ̀ tí ojú tí wọ́n fi ń wò ó ti pín sí méjì. Ẹ wo ‘Èmi ló kàn’. Àdúrà ni lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó láti ìgbà tí a ti ń ṣe ìgbéyàwó, pé òun náà ni yóò kàn láti wọ aṣọ funfun. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Bọ́lá Tinúbú sọ ọ́ ní Abẹ́òkúta níwájú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ APC, nígbà tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje ààrẹ. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn tirẹ̀ ń fi dá fìlà, àwọn tí kò fẹ́ tirẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọmọdé sì ń fi du omi ìwẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gbéregbère sára aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó lónìí, ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn á kà á bí ìpolongo ìbò. Ẹ ṣì lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ohun tí yóò darí ojú: kí àwòrán òrùka wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí kí ‘lágbára Ọlọ́run’ tẹ̀lé e. ‘Ó tó gẹ́’ náà rí bẹ́ẹ̀. Kwara ni wọ́n ti fi ṣe igbe ìbò ọdún 2019, ẹni tó bá ti Ìlọrin wá sí Àkúrẹ́ kò ní kà á bí ọmọ Òkè-Àró ṣe ń kà á. Ní ti ‘Sọ̀rọ̀ sókè’, ẹ rọra. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni tẹ́lẹ̀, ohun tí à ń sọ fún ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jáde. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2020 tí àwọn ọ̀dọ́ ti fi ta ko àwọn ọlọ́pàá SARS, ó ti ní ẹ̀jẹ̀ lára. Ó wà lára ohun tí ènìyàn lè fi gbogbo ọkàn wọ̀, kò sì yẹ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ ẹni tó kàn ń wá ọ̀rọ̀ aláriwo fún àríyá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bí ọ̀rọ̀ tó lòde. Adégòkè Adélabù, olóṣèlú Ìbàdàn tó kú ní 1958, ló fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá pe nǹkan kan ní ‘peculiar mess’. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbá a mú lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ‘pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì’, ó sì di orúkọ tí wọ́n ń pe òun fúnra rẹ̀. Nígbà ìjà òṣèlú ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1965 sí 1966, ‘wẹ́tìẹ’ ni igbe: ‘wet’ ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbà, wọ́n fi ẹnu Yorùbá sọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n da bẹntiróòlù sí ènìyàn tàbí ilé lára kí wọ́n tó ṣáná sí i. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ọmọ ogún ọdún lè wá bá yín lọ́la pé kí ẹ tẹ ‘WETIE’ fún àríyá etí omi, kó jẹ́ pé omi nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn àgbà tó fojú rí iná tó jó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983 lẹ́yìn ìbò gómìnà, tí wọ́n kéde Akin Ọmọ́bọ́ríowó dípò Adékúnlé Ajáṣin, ṣì ń rìn ní ìgboro yìí. Ara wọn á bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ a máa gbàgbé ibi tó ti wá lẹ́nu ọmọdé, kì í sì í gbàgbé létí àgbà. Ẹ ní àgbàlagbà kan ládùúgbò tí ẹ lè fi ọ̀rọ̀ tuntun hàn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí ẹ kàn bi í pé: “Bàbá, kí ni èyí rán yín létí?”

Ó wá ku èyí tó máa pẹ́ àti èyí tí kò ní pẹ́. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà kí ọ̀rọ̀ kan tó jáde pé òun ni yóò ràn. Ṣùgbọ́n bó bá ti jáde, a lè dán an wò, gírámà sì ni mo máa ń fi dán an wò. Ẹ mú ‘jápa’, èyí tí wọ́n ń lò fún sísá lọ sí òkè òkun. A lè ní “ṣé ó ti jápa?”, a lè ní “kò fẹ́ jápa”, “wọ́n ń jápa”, “jíjápa kò rọrùn”. Ó gba ‘ti’, ó gba ‘ń’, ó gba ‘kò’, ó di orúkọ, ó sì tún ti bímọ, nítorí ẹni tó bá padà sílé, wọ́n ní ó ‘jápadà’. Ọ̀rọ̀ tó bá lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí ti kúrò ní àṣà, ó ti di èdè. Kò yà mí lẹ́nu nígbà tí ìròyìn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 pé ó ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford, pẹ̀lú ‘àgbèrò’ àti ‘ẹ̀bà’. ‘Sápá’, ìyẹn àìlówó lọ́wọ́, náà yege: sápá mú un, sápá ti dé, ó ń sá fún sápá. Ẹ wá gbé ‘Ooin’ ti aláwàdà Mr Macaroni tàbí ‘Something hooge’ ti aláwàdà Sabinus sínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Wọn kò wọ̀ ọ́. Ohùn ẹnì kan ló gbé wọn dúró, bí ohùn yẹn bá sì sinmi, aṣọ yín á dákẹ́.

Àwọn àgbà ọ̀rọ̀ tó ti yege nínú ìdánwò yìí pọ̀ lẹ́nu wa. ‘Ó wà ń bẹ̀’, odidi gbólóhùn, ti di ọ̀wàǹbẹ̀, à ń lọ sí ọ̀wàǹbẹ̀. ‘Mo gbọ́, mo yà’ ti di orúkọ ẹni tó wá síbi àríyá tí wọn kò pè é sí. ‘Ó le kú’ kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu, ó di àkọlé ìwé ìtàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní 1974, ó di fíìmù lọ́wọ́ Túndé Kèlání ní 1997, ó wá di orúkọ ìró péńpé àti bùbá alápá gbàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn obìnrin ṣì ń rán. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti rí nǹkan tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn tó sì jókòó lé e lórí, ó ti rí ibi pẹ́ sí.

‘Idán’ ńkọ́? Ibí yìí gan-an ló ti já yín kulẹ̀, kò sì hàn sí ojú. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni, ó sì yẹ kó pẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ní ìtumọ̀ kan tẹ́lẹ̀. Idán ni ohun tí onídán ń pa, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ di orúkọ ẹni tó ń ṣe ohun ńlá láìpariwo. Ọ̀rọ̀ tó bá yá ìtumọ̀ tuntun wọ̀ nígbà tí ti àtijọ́ ṣì le lára rẹ̀, bí ariwo bá ti rọ̀, ti àtijọ́ á fà á padà. Ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ náà kún un: àárín ọdún 2023 ni ó jà ràn-ìn, oṣù Kọkànlá lẹ tó gbé aṣọ jáde.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà rìn ní ìlú wa kò ṣòro láti tọ. Orí fóònù ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú fídíò kúkúrú àwọn aláwàdà tàbí nínú orin. Ó máa dé ẹnubodè FUTA, àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà á gbé e wọ ìgboro, lẹ́yìn náà ni ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò Adaba 88.9 tàbí Orange 94.5. Bó bá wá dé ẹnu pásítọ̀ bí àkòrí ìwàásù, tàbí tí olùdíje kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ ń sọ ọ́ ti jù ú sílẹ̀. Ẹ rántí ‘No gree for anybody’ ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ó ràn dé ibi pé agbẹnusọ ọlọ́pàá àpapọ̀ jáde pé ọ̀rọ̀ náà léwu. Nígbà tí ìjọba bá ti ń dá ọ̀rọ̀ lẹ́kun, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ tán, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ti pẹ́ dọ́jà. Àmì tèmi ni rédíò: bí ẹ bá gbọ́ ọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó bá bẹ̀ yín nìkan, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó sílẹ̀ mọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa kó sílẹ̀ ni aṣọ òfìfo, dúdú àti funfun, láti M dé XXL. Ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ dé ara rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi sanwó. Tẹ́lẹ̀, ìtẹ̀ alásẹ́ (screen printing) ló ń tì yín sí ọgọ́rùn-ún, nítorí owó àti wàhálà asẹ́ kò yẹ ohun tó bá kéré sí nǹkan bí àádọ́ta aṣọ. DTF, ìyẹn àwòrán tí a kọ́kọ́ tẹ̀ sórí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ká tó gbé e sára aṣọ, àti rọ́bà gígé (vinyl) ti mú ìyẹn kúrò. Ẹ lè tẹ ẹyọ kan. Ẹyọ kan á gbówó lórí ju èyí tí ẹ tẹ̀ lọ́pọ̀, òótọ́ ni, èrè yín lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan á sì dín. Èrè kékeré lórí aṣọ tó tà ṣì sàn ju èrè ńlá lórí aṣọ tó wà nínú àpò lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dán ọ̀rọ̀ tuntun wò, ìdajì dọ́sìnì tó: kí ẹ gbé e kọ́ síta, bí kò bá tà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ fi sílẹ̀.

Ní ti ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ẹ fara balẹ̀ níhìn-ín, nítorí ohun méjì ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ (Copyright Act) ti ọdún 2022 ń dáàbò bo orin, ìwé, fíìmù, àwòrán. Gbólóhùn ọlọ́rọ̀ méjì mẹ́ta lásán kì í sábà sí lára rẹ̀. Àmì òwò (trademark) yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni lè lọ forúkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Trademarks Registry ní Abuja, lábẹ́ ìsọ̀rí ọjà tó fẹ́ lò ó fún, aṣọ àti fìlà sì wà ní ìsọ̀rí 25. Bí wọ́n bá gbà á, ọdún 7 ni yóò kọ́kọ́ lò, bó bá sọ ọ́ di ọ̀tun, yóò tún fi ọdún 14 kún un. Ní ọdún 2022, Emmanuel Ejekwu, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Sabinus, ní kí agbẹjọ́rò òun kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan pé wọ́n fi ‘Something hooge’ polówó láìgbàṣẹ, nígbà tí òun ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gbogboogbò bíi ‘jápa’ tàbí ‘ó pọ̀’ kì í sábà kó ènìyàn sí ìjàngbọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹnì kan, kí ẹ ní kí agbẹjọ́rò tó ń ṣe iṣẹ́ àmì òwò wò ó ní Registry kí ẹ tó kó o jọ fún títà. Iye tí yóò gbà kéré sí ohun tí lẹ́tà agbẹjọ́rò ẹlòmíràn lè ná yín. Àwòrán ojú ènìyàn léwu ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe tẹ fọ́tò tàbí àwòrán aláwàdà, akọrin tàbí olóṣèlú fún títà láìgba ìwé àṣẹ. Bákan náà ni àmì ẹgbẹ́ òṣèlú. Kí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá mú lẹ́tà ẹgbẹ́ dání.

Ẹ ò béèrè nípa bí a ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i nínú àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ pé ẹ kò fi àmì sí ohunkóhun. Fún ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. ‘Opor’ ni wọ́n ń kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ‘ó pọ̀’ ni. Bí ẹ bá tún un kọ dáadáa, wọn kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, nítorí ìkọkúkọ yẹn wà lára adùn rẹ̀. Aṣọ ìlú, aṣọ ẹbí àti aṣọ ẹgbẹ́ kò gba irú ìyẹn. Ẹ tẹ ‘OMO OWO’ fún ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, kí ẹ wo bí ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ yóò ṣe kà á: ọmọ owó, ọmọ òwò, ọmọ ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Àmì ló ń sọ ọ́ di ìlú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn fọ́ǹtì kan ní Ọ àti Ẹ, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá tún gun orí rẹ̀, á fò kúrò lójú ibi tó yẹ tàbí kó di àpótí òfìfo. Noto Sans, Charis SIL àti Gentium kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti tọ́ lójú CorelDraw tí ẹ fi ń ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ sọ ọ́ di ‘curves’, kí lẹ́tà di àwòrán, kí ẹ tó gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà míì, kó má bàa yí padà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ rọ́bà lẹ fẹ́ gé, àmì ìsàlẹ̀ tó kéré sí mílímítà mẹ́ta á ṣí kúrò nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, tàbí kí ẹ lo ìlà kékeré tó dúró gbọnrangandan lábẹ́ lẹ́tà, bí ó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá. Ìlà ṣeé so mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà kó di ẹyọ kan náà. Àmì róbótó kì í fẹ́ so.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni kí ẹ fi owó yín lé lórí, oríkì ìlú ni mo máa sọ. Àwọn obìnrin aládìrẹ ti mọ èyí ṣáájú wa. Ní 1935 tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ya ọba àti olorì náà sára àdìrẹ, àmọ́ irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́ lónìí. ‘Ìbàdàn dùn’, tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, ni wọ́n ṣì ń pa láró títí di òní. Àjọ̀dún a máa parí, ìlú a máa wà. ‘Àkúrẹ́ Òyèmẹ̀kùn’ kò ní jà ràn-ìn lọ́sẹ̀ kan, àmọ́ ẹ óò máa tà á ní gbogbo ọdún Kérésì tí àwọn ọmọ ìlú bá ti ìdálẹ̀ dé, ‘Ọmọ Èkìmògún’ náà sì wà fún àwọn ará Oǹdó nígbà àjọ̀dún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀ka èdè, ó dára púpọ̀, nítorí ẹni tó bá dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń pe ilé ní ‘ulé’, ọkàn rẹ̀ á wú bó bá rí i lára aṣọ. Kí ẹ sáà jẹ́ kí ọmọ ìlú yẹn gan-an kà á sókè kí ẹ tó gé e, nítorí ìlú kejì lè ní ohùn tirẹ̀.

Ó wá ku ọgọ́ta aṣọ yẹn. Ẹ má fi wọ́n ṣe ìnulẹ̀. ‘IDAN’ wà ní àyà wọn ní lẹ́tà funfun, Òkè Ìdànrè sì wà nítòsí wa níbí, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ẹlẹ́gbẹ́ ń gùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé láti inú igbe ìyanu ni orúkọ ìlú náà ti wá: “Idán rè é!” Ẹ kàn fi ‘RÈ É!’ kún un lábẹ́, kí ẹ wá kọ ‘Òkè Ìdànrè’ ní lẹ́tà tó kéré sí i nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ariwo rẹ̀ ti lọ á padà rí ẹsẹ̀ dúró lé, lórí òkè tí kò lọ síbì kankan. Ẹ wọn àyè tó wà lábẹ́ ‘IDAN’ ná; bó bá tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó tó. Ẹ lo rọ́bà funfun tó sún mọ́ àwọ̀ àwọn lẹ́tà àtijọ́. A kò tíì fọ aṣọ wọ̀nyẹn, nítorí náà àwọ̀ ti àtijọ́ àti ti tuntun kò ní jìnnà síra. Ẹ tẹ́ bébà Teflon bo àwọn lẹ́tà àtijọ́ kí irin má bàa kàn wọ́n lásán, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 150°C fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bó bá jẹ́ òwú, kí ẹ sì mú un wálẹ̀ sí nǹkan bí 130°C bí aṣọ náà bá ní pọliẹ́sítà púpọ̀, nítorí á máa dán níbi tí irin ti kàn án. Mẹ́fà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì, ẹ yí inú ọ̀kan síta, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ sì wo etí àwọn lẹ́tà náà dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan mẹ́rìnléláàádọ́ta tó kù.